Gbèsè Gbé E Lọ: Àlọ́ Ìjàpá Tó Ra Ilé Gbàǹjo ní Òsì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò balẹ̀ sí Ìlọrin, kò balẹ̀ sí Èkó, orí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo ló bà lé, ní ilẹ̀ Òsì, lọ́dún tí ojú rẹ̀ wọ ilé onílé.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ègbè tòní kò le. Bí mo bá ti dá orin, ẹ sáà máa dáhùn pé, "Gbèsè gbé e lọ." Bí àgbàlagbà kan bá wà láàárín yín tó jẹ gbèsè, kó fi ohùn kékeré gbè é, kí ẹkún má bàa bá orin jáde.

Láyé ìgbà tí ẹranko ń kọ́lé tí wọ́n ń fi páànù bò ó, Ọ̀yà ni oníṣòwò kajú tí gbogbo ayé mọ̀ láti Òsì títí dé Ìlọ́fà. Ilé rẹ̀ ní yàrá mẹ́jọ, kànga wà lẹ́yìnkùlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì gba ogún àlejò láìfẹsẹ̀ tẹ ara wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe ilé náà fún àjèjì. Bàbá ńlá Ọ̀yà ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ẹlẹ́ṣin wà lókè tó mú ọ̀kọ̀ dání, ìyá ọlọ́mọ wà láàárín, onílù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọdẹ wà nísàlẹ̀. Ọdẹ náà kò rí ẹran kankan pa, nítorí ẹranko ló gbẹ́ ẹ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Òsì, ilẹ̀kùn kì í ṣe pátákó lásán. Ibẹ̀ ni Aréogun gbé, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní 1954, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Ọmọ rẹ̀ Báńdélé ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ní Odò-Ọwá tó wà níhà Ìlọ́fà, Bámigbóyè náà gbẹ́ ère Ẹ̀pa tí àwọn òyìnbó ń fi gíláàsì bò bí ẹyin. Nítorí náà, bí mo bá ní ilẹ̀kùn Ọ̀yà ju ilé Ọ̀yà lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Lọ́dún kan, owó kajú gòkè. Gbogbo ẹni tó ní igi méjì lẹ́yìnkùlé ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá. Ọ̀yà ní òun yóò ra kajú gbogbo agbègbè pátá kí àwọn oníbàárà òkè òkun tó dé. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó múra, ó di ilé owó Ìkookò.

Ìkookò ní, "Owó wà. Kí lo fẹ́ fi dúró?"

Ọ̀yà ní, "Ilé mi ni, sà."

Ìkookò rẹ́rìn-ín. Bí Ìkookò bá rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ là ń rí, a kì í rí inú rẹ̀. Ó mú ìwé wá, Ọ̀yà tẹ̀ka. Ó gba owó òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yà, ó ní òun yóò gbé ìwé náà lọ sí ààfin Kìnnìún, nítorí Kìnnìún ti pàṣẹ pé ilé kan kò gbọdọ̀ dúró fún owó láìjẹ́ pé òǹtẹ̀ òun wà lórí ìwé. Ìkookò gba owó òǹtẹ̀, ó fi jẹ ẹran. Ìwé sùn sínú àpótí.

Òjò tètè dé lọ́dún náà. Ó bá kajú nílẹ̀, kajú dúdú. Àwọn oníbàárà òkè òkun wo ọjà, wọ́n yí ọkọ̀ padà. Èlé gun orí owó, owó gun orí èlé, àwọn méjèèjì jọ gun orí Ọ̀yà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá lánàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ibẹ̀ ni Ìjàpá ti wọ inú ọ̀rọ̀.

Ìjàpá gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ti Ìlọrin bọ̀ pé ayé ti yí padà, pé kì í ṣe iṣu nìkan ló ń di ọjà, gbèsè náà ti di ọjà. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2010, AMCON lorúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ra gbèsè tó ti gán sí báńkì lọ́fun, kó sì máa gba ilé àti ilẹ̀ àwọn tó jẹ ẹ́. Wọ́n ní ilé gbèsè máa ń lọ ní owó pọ́ọ́kú. Bí Ìjàpá ṣe gbọ́ "pọ́ọ́kú", etí rẹ̀ dí sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù.

Ó sọ fún Yánníbo pé, "Láti òní lọ, mi ò dáko mọ́. Ilé tí gbèsè bá lé onílé jáde nínú rẹ̀ ni èmi yóò máa wá kiri. Kí n tó ṣẹ́jú, ìdajì Òsì yóò máa san owó ilé fún mi."

Yánníbo ní, "Baálé mi, ẹni tó ń wá ilé tí wọ́n ti ń sunkún, kó mú aṣọ ìnujú dání."

Ìjàpá kò dá a lóhùn. Ó fi lẹ́ẹ̀dì há etí, ó mú ìwé, ó bọ́ sí àdúgbò. Ilé tó bá ti rí tí koríko ga dé ojú fèrèsé rẹ̀, yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò máa kọrin:

Onílé gogoro dà o?
*Gbèsè gbé e lọ.*
Ta ló ń tan fìtílà ibẹ̀?
*Gbèsè gbé e lọ.*
Koríko wọlé, onílé jáde,
*Gbèsè gbé e lọ.*
Èmi Ìjàpá ni n ó jogún ẹ̀,
*Gbèsè gbé e lọ.*

Ó kọ́kọ́ dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí géètì rẹ̀ ga ju ti ààfin lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ṣọ́ ọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, gbèsè èló ló wà lórí ilé yìí?"

"Gbèsè kẹ̀? Lọ́ńdọ̀nù ni onílé wà. Ó ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì."

"Kérésìmesì wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń bọ̀."

Ìjàpá gbójú sókè, ó rí ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó fa ìlà sí i nínú ìwé rẹ̀.

Ó dé ilé kejì. Àbújá ni onílé yẹn wà. Ó dé ilé kẹta. Wọ́n ní onílé kọ́ ọ nítorí òkú ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jẹun nínú rẹ̀, wọ́n tì í, kọ́kọ́rọ́ bá bàálù lọ. Ó dé ìkẹrin, àwọn àdán ló dá a lóhùn. Lára ògiri gbogbo wọn, ọ̀dà pupa kan náà: ilé yìí kì í ṣe títà.

Ìjàpá fi ọjọ́ mẹ́fà rìn láti Òsì dé Ìlọ́fà, ó rí ilé mọ́kàndínlógójì tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, kò rí ẹyọ kan tí gbèsè wà lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kó bi ìyàwó rẹ̀ kó tó jáde nílé ló wá fi ẹsẹ̀ kọ́: nílẹ̀ wa, ilé tí a tì pa kì í ṣe ilé gbèsè. Ilé iyì ni. Onílé ń gbé yàrá kan níbi tó wà, ó sì ní yàrá mẹ́wàá níbi tí kò sí. Gbèsè kì í gbé inú ilé tí a tì. Inú ilé tí èéfín ti ń jáde, tí ọmọdé ti ń sunkún, tí wọ́n ti ń gún iyán, ibẹ̀ ló ń gbé.

Ọjọ́ keje ló pàdé Àkùkọ onígbàǹjo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó ń fi àtè lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Ìjàpá kà á: "Ilé oníyàrá mẹ́jọ, ní Òsì, tòun ti kànga. Ìkookò ló ní ká tà á. Ọ̀kẹ́ 10. Bí o ṣe bá a ni kí o gbé e."

Ọ̀kẹ́ kan, ẹ̀yin ọmọ, owó ẹyọ 20,000 ni. Ọ̀kẹ́ 10 jẹ́ 200,000. Ẹnikẹ́ni kò sì lè kọ́ irú ilé yẹn ní ohun tó dín sí ọ̀kẹ́ 40. Ìjàpá ka "ọ̀kẹ́ 10" lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ka "bí o ṣe bá a ni kí o gbé e" rárá, nítorí lẹ́tà ìyẹn tín-ín-rín bí irun imú.

Ó sáré délé. Yánníbo gbọ́ ọ tán, ó sọ ọmọ odó kalẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìbéèrè mẹ́ta péré. Ta ló fọwọ́ sí i kí Ọ̀yà tó fi ilé náà dúró? Kí ni ẹbí wọn wí? Ta ló ń sùn nínú ilé náà lálẹ́ òní?"

"Ìbéèrè obìnrin! Kí n tó bi ẹni mẹ́ta tán, Igún yóò ti rà á."

"Jẹ́ kó rà á. Igún kì í ra ohun tó ṣì ń mí."

Ìjàpá kò gbọ́. Kò ní ju ọ̀kẹ́ kan lọ. Ó gba ilé owó Ìkookò lọ, ó bá Ìgbín lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkookò kí àwọn méjèèjì tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo fẹ́ràn jù nínú oníbàárà. Ẹ̀yin lẹ ń gbé ilé yín kiri. Kò sí pé mo ń wá ilé, kò sí pé mo ń wá onílé."

Ìgbín bi í pé, "Bí mi ò bá wá rí owó san ńkọ́?"

Ìkookò rẹ́rìn-ín. Ìgbín rí eyín, ó fa ìwo rẹ̀ wọlé, ó sì fi itọ́ lẹ ilẹ̀kùn pa. Ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìkookò kàn án, kàn án, kò dáhùn.

Ìjàpá ní tirẹ̀ tẹ̀ka. Ó fi èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ dúró fún ọ̀kẹ́ 10. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kìnnìún ránṣẹ́ kìlọ̀ fún gbogbo ayánilówó pé ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ òun yóò di ohun tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Nítorí náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìkookò gbé ìwé oníbàárà dé ààfin. Òǹtẹ̀ pupa rekete balẹ̀ sórí ẹ̀yìn Ìjàpá. Inú Ìjàpá dùn, ó ní, "Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe kà mí sí!"

Ẹ wo iṣẹ́ Ìkookò. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún yá Ìjàpá lówó, ó fi ọwọ́ òsì gba owó náà padà, ó sì fún un ní iyì òfo láàárín.

Ọjọ́ gbàǹjo pé. Gbogbo ìlú wá. Ajá wá, Ewúrẹ́ wá, Àgbò wá, Etu ti Ìlọ́fà wá. Àkùkọ gun orí àpótí, ó lu agogo.

"Ọ̀kẹ́ 10! Ta ló gbà á?"

Ìlú dákẹ́. Ajá ń wo ilẹ̀, nítorí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ìkòkò Ọ̀yà ni wọ́n fi se oúnjẹ àlejò. Ewúrẹ́ ń wo òkè, nítorí Ọ̀yà ló san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kejì. Nínú ìlú kékeré, ẹ̀yin ọmọ, owó kọ́ ló wọ́n níbi gbàǹjo. Ojú tí wọn yóò fi wo ara wọn lọ́jọ́ kejì ló wọ́n.

"Èkíní!" Àkùkọ lu agogo. "Èkejì!"

"Èmi nìyí!" Ìjàpá kígbe láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà là fún un gbàràgàdà. Ó rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Agogo dún lẹ́ẹ̀kẹta. Ilé di ti Ìjàpá. Ó kọrin lọ sílé rẹ̀ tuntun:

Ọ̀yà oníyàrá mẹ́jọ dà o?
*Gbèsè gbé e lọ.*
Ta ló ni kànga ẹ̀yìnkùlé?
*Gbèsè gbé e lọ.*
Ẹ bá mi kí onílé tuntun,
*Gbèsè gbé e lọ.*
Òrùka kọ́kọ́rọ́ ń ró wooro,
*Gbèsè gbé e lọ.*

Ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ọ̀yà ló ṣí i, arúgbó tí irun rẹ̀ funfun bí òwú. Ìjàpá ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ líle tí yóò sọ dánra wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá kò lè rí àgbà irú yẹn kó má dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kúulé o, màmá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìjàpá ọkọ Yánníbo kọ́ nìyẹn? O ṣé tí o wá kí wa nínú ìṣòro yìí. Jókòó. Ẹ fún un lómi."

Ìjàpá jókòó, ó mu omi. Wọ́n gbé iyán wá, ó jẹ iyán. Ilẹ̀ ṣú. Bí yóò ti sọ fún arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lóúnjẹ pé kó jáde nílé, kò mọ̀ ọ́n. Ó padà sílé.

Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ìgbín ni wọ́n bá a se. (Ìgbín tiwa kọ́, ìbátan rẹ̀ ni.) Ó lọ lọ́jọ́ kẹta, ó bá Òkété, olórí ẹbí Ọ̀yà, lórí ìjókòó pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́fà.

Òkété ní, "A gbọ́ pé o ra ilé. A kí ẹ kú ewu owó. Ní bàyìí, fi àtẹ̀ka mi hàn mí lórí ìwé rẹ."

"Àtẹ̀ka yín? Ọ̀yà ló fi ilé dúró."

"Yàrá mẹ́rin iwájú ni Ọ̀yà kọ́. Mẹ́rin ẹ̀yìn, bàbá wa ló kọ́ ọ. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ti ẹbí ni. Ilé ẹbí tí olórí ẹbí kò mọ̀ sí títà rẹ̀, a kì í tà á, bó ti wù kí agogo dún tó. Èkejì: láyé àwọn bàbá wa, ilẹ̀ tí wọ́n bá fi dógò, ọgọ́rùn-ún ọdún ì báà kọjá, ọmọ ọmọ wọn yóò mú owó wá, yóò gbà á padà. Ìdógò kì í dàgbà di títà. Ẹ̀kẹta: ilẹ̀kùn wà nínú ìwé rẹ?"

Ìjàpá wo ìwé. Yàrá mẹ́jọ wà níbẹ̀, kànga wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kò sí.

Àwọn àgbà mẹ́fà dìde, wọ́n tú ilẹ̀kùn kúrò lára ògiri, ẹlẹ́ṣin, ọlọ́mọ, onílù àti ọdẹ, wọ́n gbé e lọ sí ilé Òkété. Ìjàpá wá ní ilé oníyàrá mẹ́jọ tó la ẹnu sílẹ̀, tí ìyá arúgbó kan ń ti inú rẹ̀ kí i pé, "Ọmọ mi, wọlé, atẹ́gùn pọ̀ níta."

Ìjàpá gba kóòtù lọ. Adájọ́ Erin ka ìwé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ìkookò, òǹtẹ̀ Kìnnìún dà?"

Ìkookò wúkọ́. Àwọn ará kóòtù wúkọ́ bá a.

Erin ní, "Nígbà tí kò sí òǹtẹ̀, ilé Ọ̀yà kò dúró fún owó kankan. Nígbà tí kò dúró, Ìkookò kò ní ohun tí yóò tà. Nígbà tí kò ní ohun tí yóò tà, afẹ́fẹ́ ni Àkùkọ ń lu agogo fún. Ìjàpá, afẹ́fẹ́ lo rà. Ọ̀yà, ìwọ náà má jó. Mo ní ilé rẹ kò dúró, mi ò ní o kò jẹ owó. Lọ wá owó olówó."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé ẹranko nìkan ló ń rí irú èyí. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978 ló ní ẹni tó bá fẹ́ ta ilé tó ní ìwé ìjọba, tàbí tó fẹ́ fi í dúró fún owó, gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ní ìgbèríko wa, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i: Àràròmí-Òpin fún Èkìtì Kwara, Ìlọ́fà fún Òkè-Ẹ̀rọ̀, bó bá sì jẹ́ kóòtù ló ní kí wọ́n tà á, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Lẹ́yìn òfin yìí, báńkì kan tó ń jẹ́ Savannah Bank fẹ́ lu ilé oníbàárà rẹ̀ kan ní gbàǹjo. Oníbàárà ní gómìnà kò fọwọ́ sí ìwé tí òun fi ilé dúró. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1989, àwọn adájọ́ ní òótọ́ ló wí, ìwé náà di òfo. Báńkì ńlá, tó ní agbẹjọ́rò ńlá! Láti ìgbà náà ni àwọn Ìkookò ti ń sáré gba òǹtẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín.

Ìjàpá dìde nínú kóòtù. "Ẹ̀gbọ́n Ìkookò, ẹ dá owó mi padà."

Ìkookò mú ìwé gbàǹjo jáde, ó na èékánná sí lẹ́tà tó tín-ín-rín bí irun imú: bí o ṣe bá a ni kí o gbé e. Ó ní, "Báyìí lo ṣe bá a. Ní ti ọ̀kẹ́ 10 tí o yá lọ́wọ́ mi, òǹtẹ̀ wà lórí tìrẹ."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn Ìjàpá. Òǹtẹ̀ ń dán níbẹ̀ rekete.

Oṣù mẹ́ta kọjá, Ìjàpá kò rí owó san. Ìkookò rán ológò sí i. Ẹ̀yin kò mọ ológò. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá ń sá, wọn a rán ológò lọ dógò tì í. Yóò wọ àgbàlá rẹ̀, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò máa bú u, adìẹ tàbí ewúrẹ́ tó bá kọ́kọ́ bá níbẹ̀, yóò pa á jẹ, títí ojú yóò fi ti gbogbo agbo ilé tí wọn yóò fi wá owó fún un.

Ìnàkí ni ológò ọjọ́ náà. Ó jókòó sí àgbàlá Ìjàpá, ó na ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí Àkùkọ onígbàǹjo fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó wá gba owó agogo tí Ìjàpá jẹ ẹ́. Ìnàkí nawọ́, ó mú un.

Àkùkọ kígbe, "Má jẹ mí! Onígbàǹjo ni mí! Mo wá gba ẹ̀tọ́ mi ni!"

Ìnàkí ní, "Ohun tí mo bá bá lágbàlá onígbèsè, ti gbèsè ni." Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà ta sánsán dé Odò-Ọwá.

Nígbà tí adìẹ tán, wọ́n ní kí wọ́n lu èèpo ẹ̀yìn Ìjàpá ní gbàǹjo. Igún ní òun kò ní ra odindi, kí wọ́n gé e ní pílọ́ọ̀tì. Wọ́n pe Alákàn tó ń wọn ilẹ̀. Alákàn gun ẹ̀yìn Ìjàpá pẹ̀lú okùn àti bíkìn. Ẹ̀gbẹ́ ni Alákàn ń rìn, nítorí náà ìlà rẹ̀ wọ́. Ó gé àárín sí márùn-ún, ó gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí mẹ́rin, ó gé ẹ̀gbẹ́ òsì sí mẹ́rin, pílọ́ọ̀tì 13 géérégé. Ó gé etí rẹ̀ yíká sí wẹ́wẹ́, ó ní ojú ọ̀nà àti gọ́tà nìyẹn.

Onígbàǹjo tuntun lu agogo. Ìlú pagbo yí Ìjàpá ká. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, àfi ọmọ Ọ̀yà kékeré kan tó dá orin, tí gbogbo agbo sì gbè é:

Ìjàpá onípílọ́ọ̀tì dà o?
*Gbèsè gbé e lọ.*
Ó tẹ̀ka síwájú Ìkookò,
*Gbèsè gbé e lọ.*
Ó ra afẹ́fẹ́ lọ́kẹ̀ẹ́ mẹ́wàá,
*Gbèsè gbé e lọ.*
Ẹ̀yìn rẹ̀ dọjà, orí rẹ̀ wọlé,
*Gbèsè gbé e lọ.*

Ojú ti Ìjàpá, ó fa orí wọnú. Igún tẹ̀ pílọ́ọ̀tì kan wò, ó ní, "Ẹni kan ń mí nínú ilé yìí." Ó fò lọ. Kò sí ẹni tó rà á.

Yánníbo ló dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ó ti ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn elépo ọjà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti sọ pé òun kò dáko mọ́. Ó kó àjọ rẹ̀, ó san ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ó ní Ìjàpá yóò máa fi oko ṣíṣe san ìyókù. Ìkookò gbà, nítorí gbàǹjo tí kò rí olùrà, owó kékeré dára jù ú lọ.

Ọ̀yà ńkọ́? Òkété pe ìpàdé ẹbí. Ajá mú owó wá. Ewúrẹ́ mú owó wá. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Àbújá, tí ilé wọn kún fún àdán, rán owó wálé. Ọ̀yà fi ìkórè kajú mẹ́ta san ìyókù. Lọ́jọ́ tí gbèsè tán, wọ́n gbé ilẹ̀kùn láti ilé Òkété, wọ́n dá a padà sára ògiri. Ìyá Ọ̀yà ní kí wọ́n pe Ìjàpá wá jẹ iyán, ó ní ó pẹ́ tó ti wá kí àwọn.

Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi ní pílọ́ọ̀tì 13 títí dòní. Ẹ kà á fúnra yín bí ẹ bá mú un. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, yóò fa orí wọlé, nítorí kò mọ̀ bóyá ológò ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn Ìgbín. Kò sí pílọ́ọ̀tì kan níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí àlọ́ mi kọ́ wa ni pé iye tí wọ́n kọ sára ìwé gbàǹjo kọ́ ni iye ilé. Bí wọ́n bá mú ilé gbèsè wá bá ọ, ra ìbéèrè Yánníbo kí o tó ra ilé: Ta ló fọwọ́ sí i? Kí ni ẹbí wí? Ta ló ń sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ òní? Bí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ arúgbó tó máa bu omi fún ọ, mu omi náà, kí o dúpẹ́, kí o máa lọ sílé rẹ.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ròó. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta. Pó! Pó! Pó!